Omi Tí Wọ́n Ní Kò Lè Gun Òkè

Ohun tó ti bà mí lẹ́rù láyé pọ̀. Mo bẹ̀rù olùkọ́ ìṣirò, mo bẹ̀rù abẹ́rẹ́, mo sì bẹ̀rù bàbá ìyàwó mi títí ó fi fún mi lọ́mọ, mo tún bẹ̀rù rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kòtò kan wà l'Abẹ́òkúta, lẹ́sẹ̀ àpáta kan, tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀ títí dòní, ojú á kọ́kọ́ tì mí, lẹ́yìn náà orí mi á wú. Ìtàn kòtò náà ni mo fẹ́ sọ.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà ìjọba alágbádá, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré kan tó ń pín omi ẹ̀rọ fún apá kan nínú ìlú. Mi ò ní sọ apá ibi tó jẹ́, torí àwọn kan tó wà níbẹ̀ nígbà náà ṣì wà láyé, ẹnu wọn ò sì dáa. Omi ò pọ̀ tó láti dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà a máa ń pín in ní ìpín-ìpín. Ìsàlẹ̀ ló ni ọjọ́ tó pọ̀ jù. Òkè ló ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ tèmi ni pé lọ́jọ́ méjèèjì yìí, kí n lọ yí fáàfù òkè, irin roboto kan bíi sítíárìn mọ́tò, kí omi lè máa gòkè. Bílẹ̀ bá sì ti ń ṣú, kí n pa dà lọ tì í. Inú kòtò ni fáàfù náà wà. Kòtò ọ̀hún jìn ju ìdúró mi lọ, ó ní ọmọrí irin, ó ní àtẹ̀gùn irin lára ògiri. Lókè pátápátá, níbi tí omi yẹn ń lọ, ilé ìgbẹ̀bí kan wà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń mójú tó o, ibẹ̀ sì ni gbogbo aboyún òkè ń bímọ sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà òjò, mo ṣí ọmọrí kòtò. Nǹkan gígùn kan ń dán ní kọ̀rọ̀, ó sì mira. Mi ò dúró bi í bóyá ejò ni tàbí kì í ṣe ejò. Mo pa ọmọrí dé, mo gba ọ́fíìsì lọ, mo ṣí ìwé iṣẹ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti ṣí fáàfù òkè. Mo sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá pa dà lọ.

Kí n má purọ́ mọ́ ara mi jù, mo gbìyànjú díẹ̀. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá wa pé kí wọ́n fún mi ní bàtà rọ́bà àti tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá wa kàwé dókè òkun, wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lójoojúmọ́, wọn kì í sì í kúrò nídìí tábìlì. Wọ́n gba ìwé mi, wọ́n ní, "Ó dáa, màá wò ó lọ́la," wọ́n sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀ níbi tí wọ́n ń tọ́jú ṣúgà tíì wọn sí. Lọ́la tiwọn pàdé lọ́la tèmi, àwọn méjèèjì bá fẹ́ra wọn.

Oṣù márùn-ún ni ìgbéyàwó yẹn fi dúró. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, màá kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ṣí fáàfù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún ṣí i lónìí. Ọ̀gá á buwọ́ lù ú láìgbójú sókè. Nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, àwọn ará òkè ń gbe omi òjò, wọn ò rojọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi gun àpáta. Bàbá àgbàlagbà kan dá mi dúró lọ́nà, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ má da ara yín láàmú. Omi kì í gun òkè. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ la ti mọ̀ pé orí la fi ń gbé e." Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá." Ẹni tó bá sì dé ọ́fíìsì wá béèrè, ọ̀gá á sọ fún un pé agbára omi náà ò tó. Ta ni yóò jiyàn? Gbogbo wa là ń gbé láàárín àpáta. Kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, omi yìí kan náà ń gòkè.

Ẹnì kan rántí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nọ́ọ̀sì àgbà yẹn wọ ọ́fíìsì wa, ó gbé korobá òfìfo ka orí ìwé tó wà níwájú ọ̀gá. Mo wà nídìí fèrèsé, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá olómi."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Àwọn ọkọ ló ń bá mi ru omi gòkè báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan yọ̀ lórí àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Ìyá ọmọ ń tọ́jú ọmọ tuntun, ó ń tọ́jú bàbá ọmọ. Ìyẹn náà ò burú. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, àwọn tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti kọ̀wé. Bí wọn ò bá bá omi lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á ti ilé ìgbẹ̀bí yẹn pa. Mo wá bi yín ni: níbo ni kí n kó àwọn aboyún mi lọ?"

Ọ̀gá tún gíláàsì ojú wọn ṣe. "Màmá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Òkè yẹn ga. Agbára omi tí a ní..."

"Ó gùn ún lọ́dún tó kọjá. Àbí òkè náà tún ti ga sí i?"

Ọ̀gá fa ìwé iṣẹ́ yọ, wọ́n ṣí i fún un. "Ẹ wò ó fúnra yín. À ń ṣí i. Ìṣẹ́gun, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, Ẹtì."

Màmá tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ ìlà náà wálẹ̀. "Ta ló ń ṣí i?"

Ọ̀gá nàka sí mi.

"Ọmọ mi," ó yíjú sí mi, "ṣé lóòótọ́ lo ń ṣí i?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti wọ bàtà, ó ti fẹ́ jáde. N kò mọ ohun tó dá a dúró títí dòní. Mo ní, "Mi ò ṣí i, Màmá. Láti ìgbà òjò."

"Kí ló dé?"

"Ejò ni."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Mi ò dúró wọ̀n ọ́n, mà."

Ọ̀gá dìde. "O purọ́ fún mi fún oṣù márùn-ún. Ṣé o mọ̀ pé mo lè dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lónìí?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ lè dá a dúró," ni Màmá wí, ó ṣì ń wo ìwé náà. "Àmọ́ irọ́ tirẹ̀ ló wà lókè, ọwọ́ tiyín ló wà nísàlẹ̀. Ìwé kan náà sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀kan, á ya èkejì."

Ọ̀gá ṣí dúrọ́ọ̀, bóyá láti wá gègé, mi ò mọ̀. Ìwé bàtà mi ni wọ́n mú jáde, èèrà ti jẹ etí rẹ̀ kan nítorí ṣúgà. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú.

"Mo ní màá wò ó lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lọ́la yẹn lèmi náà ń dúró dè."

Wọ́n ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè. "Kó irinṣẹ́. Jẹ́ ká lọ."

Nígbà tí a dé etí kòtò, mo ṣí ọmọrí, mo sún sẹ́yìn. Ọ̀gá náà ò sún síwájú. Mo ní, "Sà, ẹ̀yin lọ̀gá." Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀nà." A dúró bẹ́ẹ̀ bí àlejò méjì lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí kálukú ní kí èkejì kọ́kọ́ wọlé. Ìgbà tó yá ni mo bẹjú wò. Ọ̀pọ̀lọ́ ló kún ilẹ̀ kòtò. Wọ́n sanra, wọ́n jókòó bí àgbà tó ń ṣèpàdé, òmíràn ti ń sùn.

Oko Alábàtà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ bá ti ń sùn lọ́sàn-án, ejò ti ṣí kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà sì ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èyí tó wà nínú kòtò ò sáré. Èmi tí nǹkan kan ò lé ni mo ti ń sáré kiri ìlú láti oṣù márùn-ún. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá, wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n ṣì jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n tẹ̀ lé mi. Ṣé ejò wà níbẹ̀ nígbà òjò? Èmi gbà pé ó wà. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wá sọ nǹkan mìíràn fún mi.

Fáàfù ò yí. Fáàfù tí a ò bá yí déédéé, ìpẹtà á dì í mọ́lẹ̀, ẹ̀bi ìyẹn sì tó àwa méjèèjì í pín. A da kẹrosíìnì sí i, a fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́, a dúró kó wọlé. Ọjọ́bọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá gbé bàtà rọ́bà méjì dé, tèmi àti tiwọn. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Wọn ò wojú mi. "Inú sítọ́ọ̀ wa ló wà. Ọwọ́ mi nìkan ló ń dúró dè."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fẹ́ fi gbogbo agbára mi fà á, ọ̀gá bá di ọwọ́ mi mú. "Má fipá. Bó bá kán, àwa fúnra wa la ti ilé ìgbẹ̀bí yẹn pa. Yí i síwájú díẹ̀, dá a pa dà." Síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀. Òógùn bo gíláàsì wọn, wọn ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò jáde. Lójijì, fáàfù kígbe, ó yí. Mo gbé etí lé páìpù. Omi ń lọ.

A gun àpáta tẹ̀ lé e. Màmá ti wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú korobá rẹ̀. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó pọ omi pupa sí ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá, ó sinmi, ó wá mọ́. Màmá wò ó títí korobá fi kún. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn yẹn." Àwa méjèèjì pọnmi títí dúrọ́ọ̀mù fi kún, ọ̀gá pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ajé kì í ṣe ọjọ́ òkè, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní kí n ṣí fáàfù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ṣí i, mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí, mo ṣe bí ẹni tó ń yẹ páìpù wò. Àwọn tó wá yẹ ilé wò ṣí ẹ̀rọ, wọ́n fọwọ́, wọ́n béèrè aṣọ ìnuwọ́, wọ́n sì kọjá síbi bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ omi. Kò sí oyè tí wọ́n lè fi mí jẹ l'Ẹ̀gbá tí orí mi ì bá fi wú tó bẹ́ẹ̀.

Wọn ò ti ilé ìgbẹ̀bí náà. Ṣùgbọ́n Màmá ò gbà wá gbọ́ mọ́, ó sì tọ̀nà. Òun ló sọ pé mi ò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sínú ìwé mọ́ láìmú ìgò omi kan bọ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ òun, tí òun á fi pílásítà lẹ̀ lẹ́nu, tí òun á kọ ọjọ́ sí. Ó tún ní ìgò náà ò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì ọ̀gá títí wọ́n á fi dáhùn ìwé yòówù tí mo bá mú wá pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ dé. Mo gbé ìgò sílẹ̀, mo gbé ìwé tí mo fi béèrè tọ́ọ̀ṣì tì í. Ọ̀gá ka ìwé, wọ́n buwọ́ lù ú lójú mi. Wọ́n bó pílásítà, wọ́n da omi sí ife méjì, wọ́n na ọ̀kan sí mi. Ó ṣì ń ta ìpẹtà díẹ̀ lẹ́nu. A mu ún tán.