Báàjì Tí Elma Mú Wọ Sáúnà

Ẹni tó bá mọ Elma Rautio nígbà tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Halla Bay á sọ fún ọ pé obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀. Ó lè gbé ọmọ láti ẹsẹ̀ afárá dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì nínú yìnyín, kó má sọ ju "jókòó dáadáa" lọ. Kì í ṣe ìgbéraga. Bí a ṣe rí ní etí Adágún Superior nìyẹn, àwa tó jẹ́ pé àáké àti ẹnu pípadé nìkan ni àwọn baba ńlá wa mú kúrò ní Finland. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé àìlèsọ̀rọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orí burúkú, ìlú wa ì bá ti pa rẹ́ kí wọ́n tó bí mi.

Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn jáde pé Elma ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń polongo ìbò, àwọn ará ìlú kọ́kọ́ rò pé ara rẹ̀ ò yá ni. Ìbò ọ̀hún kì í tún ṣe ti afárá tàbí ti owó orí. Ọ̀rọ̀ oyún ni. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin kan lè bí ọmọ márùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe ọ̀rọ̀ náà lójú ọkọ rẹ̀ rí.

Kirsti, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló gbé e dìde. Duluth ni Kirsti ń gbé, ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwa. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ bàjẹ́ sí i nínú, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, àwọn dókítà ibẹ̀ sì ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe lójú ẹsẹ̀, orí kó o yọ. Ní báyìí ó tún ti lóyún, ó sì wù ú kó kó padà sílé wá bímọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Michigan tiwa níbí, òfin kan wà tí àwọn ọkùnrin kan ti ṣe kí wọ́n tó bí Elma rárá, òfin tó lè sọ dókítà sẹ́wọ̀n nítorí oyún. Ó ti sùn tipẹ́ bí ejò abẹ́ ẹní, kò wá sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa jí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ dìbò: ṣé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin àgbà ìpínlẹ̀ pé obìnrin àti dókítà rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ oyún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

"Màámi," ni Kirsti wí lórí fóònù, "ilé ń wù mí. Ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ ni ò bá wọlé, mi ò ní gbé oyún yìí wọ Michigan. Ẹ̀yin lẹ máa máa wá wò wá."

Elma gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó ro ti ọ̀nà Duluth nígbà òtútù, ó ro ti ọmọ-ọmọ tí yóò máa rí lórí fóònù bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé: ó pe àjèjì.

Àjèjì náà ni Renata Villaseñor, alákòóso ìpolongo tí wọ́n rán wá láti Detroit. Ọ̀rọ̀ tí Renata ń sọ kó tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà pọ̀ ju èyí tí Elma àti Reino ọkọ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ láti Kérésì dé Àjíǹde. Ó kọ́ Elma bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fún un ní báàjì onírin kan tó fẹ̀ tó ìdérí ìgò jáàmù, tí wọ́n kọ BẸ́Ẹ̀ NI sí gàdàgbà. Ó ní kó má ṣe yọ ọ́ níbikíbi, àfi bó bá fẹ́ sùn. Ẹ rántí pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìjọba ni Elma. Ẹni tí kò fi iná pupa ṣeré rí, bó o bá ní kó má yọ báàjì, kò ní yọ báàjì.

Ìkànlẹ̀kùn náà ò bímọ ire. Kì í ṣe pé wọ́n lé e. Lọ́dọ̀ wa, bí àlejò bá dé, kọfí ni, àti búrẹ́dì nísù tó ń ta sánsán. Àlejò tó bá kọ kọfí ti bú onílé. Elma á mu ti ilé àkọ́kọ́, á jẹ nísù, wọ́n á jọ wo adágún, onílé á wá wo báàjì, á ní, "Òtútù ọdún yìí máa le o." Elma á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó di ilé kejì. Kó tó dé ilé kẹrin, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń béèrè kó tó kí ènìyàn. Kò tíì fẹnu kan oyún lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Renata béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, Elma ní wọ́n ṣe òun lálejò gan-an.

Nínú ilé tirẹ̀ gan-an, ibi tó ti yẹ kó ní ìbò kan tó dájú, kò mọ ibi tí nǹkan wà. Reino kì í sọ bó ṣe dìbò. Bàbá rẹ̀ ò sọ rí, bàbá bàbá rẹ̀ náà ò sì sọ. Elma bi í léèrè nígbà tí wọ́n ń jẹun pé kí ló máa ṣe lọ́jọ́ Túsìdeè ìdìbò náà. Reino gé ọ̀dùnkún rẹ̀ sí méjì, ó ní, "A ó rí i."

Ohun kan náà tó máa ń sọ nípa àtẹ̀gùn sáúnà nìyẹn, ilé pákó kékeré ẹ̀yìnkùlé tí a ti ń da omi sórí òkúta gbígbóná kí oóru rẹ̀ lè wẹ̀ wá. Pákó kejì àtẹ̀gùn náà ti já láti ìgbà tí Kirsti ṣì ń lọ sí ilé-ìwé gíga, ibi ìdimú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà. Ọdọọdún ni Elma ń bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe, ọdọọdún ni Reino ń sọ pé a ó rí i.

Renata wá béèrè ọ̀rọ̀ kan tó mọ́gbọ́n dání: ta ni àwọn obìnrin ìlú yìí ń gbọ́ tirẹ̀? Elma ò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn. Lempi Harju ni. Ìyá àgbà ni Lempi, òun ló sì ń darí ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe pásítì tà, míìtì-páì wa tó kún fún ẹran, ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà. Ẹnu Lempi ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi iyọ̀ sí nǹkan. Ṣùgbọ́n kò gba ọ̀rọ̀ ìṣèlú nínú ilé ìdáná rẹ̀. Òṣèlú kan tó mú ìwé ìpolongo wọ ibẹ̀ nígbà kan, igi ìyíyẹ̀fun ni Lempi fi tọ́ka ọ̀nà hàn án.

Ó ku sáúnà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá pè sí sáúnà ọjọ́ Sátidé kì í kọ̀, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀ kì í jà, kì í pariwo, torí bí ènìyàn ṣe ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọ́dọ̀ ṣe níbẹ̀. Ihò èéfín sáúnà ti Lempi sì ti sán, Elma bá pè é wá sí tirẹ̀. Nínú sáúnà Rautio yìí ni wọ́n tilẹ̀ ti bí Lempi, torí bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ kí bàbá Reino tó ra ilẹ̀ náà. Láyé ìgbà yẹn, sáúnà ni ilé ìgbẹ̀bí: omi gbígbóná wà níbẹ̀, ó sì mọ́ ju ilé lọ.

Lempi dé tòun ti ìdì ewé rẹ̀ tí a fi ń na ara nínú oóru sáúnà. Nígbà tó dé ibi àtẹ̀gùn, ó dúró, ó wo pákó tó já.

"Reino ò tíì tún èyí ṣe?"

"Ó ní a ó rí i, Àǹtí Lempi."

"Bàbá ẹ̀ náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó kú láìrí i."

Wọ́n bọ́ra. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, torí ẹni tó wà níhòòhò ò ní ibi tó máa lẹ báàjì mọ́. Obìnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú sáúnà, tó yẹ kó mọ̀ ju ọmọ ọwọ́ lọ pé a kì í mú irin wọ ibi tí òkúta ti ń pọ́n, ó ro ọ̀rọ̀ Renata, ó lẹ báàjì mọ́ aṣọ ìnura tó fẹ́ fi jókòó. Ó tẹ́ ẹ sórí àga òkè. Lempi da omi sórí òkúta, oóru gbòde. Elma ń wá ọ̀nà tó máa gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní òtútù ọdún yìí máa le. Lempi ní bẹ́ẹ̀ ni. Lempi tún da omi. Kí Elma lè súnmọ́ ọn díẹ̀, ó sún ìdí.

Orí báàjì ló sún un lé.

Ẹ̀yin ará, ìyà ń bẹ. Oókan àyà Elma ké, ẹnu rẹ̀ ò ké. Ìyá rẹ̀ àgbà ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá pariwo nínú sáúnà ń lé áńgẹ́lì. Ó di eyín, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di àga mú. Kí ló dé tí kò dìde? Ó ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó tìtorí rẹ̀ pe Lempi, ó sì rò pé bóun bá dìde báyìí, òun ò ní le sọ ọ́ mọ́ láyé.

"Elma, kí ló ń ṣe ọ́? Ojú ẹ ti yí padà."

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí."

"Irọ́ ni. Dìde."

Elma dìde. Aṣọ ìnura kọ́kọ́ bá a dìde kó tó jábọ́. Lempi tẹ orí wá síwájú, ó wo òrùka pupa roboto tó wà ní ìdí awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó wo báàjì tó wà nílẹ̀, ó kà á.

"Ṣé ìbò yẹn náà lo gbé dé ibí?"

"Wọ́n ní n má yọ ọ́ ni, Àǹtí."

Lempi Harju, tí kò sẹ́ni tó rí eyín rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ewé lu orúnkún ara rẹ̀. Áńgẹ́lì tó bá wà níbẹ̀ ti lọ. Ó bomi tútù sí ìdí Elma fúnra rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán, ó jókòó.

"Ibi tó o jókòó sí yẹn," ló wí, "ibẹ̀ ni Helmi kú sí."

Elma mọ̀ pé Lempi ní ẹ̀gbọ́n kan rí. Òtútù àyà ni wọ́n sọ pé ó pa á.

"Kì í ṣe òtútù àyà. Oyún ló kú sí i nínú. Dókítà ní àfi ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó kú kóun tó lè fọwọ́ kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ti òun mọ́lé. Ló bá kù díẹ̀ kó kú lóòótọ́. Màámi gbé e wá síbí torí ó mọ́, ó sì gbóná. Èmi ni mo ń pọn omi. Mi ò tíì dàgbà, mi ò tó ọmọ tí wọ́n ń rán lọ sọ́jà." Ó da omi sórí òkúta. "Wọ́n ní n má sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́."

Elma sunkún. Kì í ṣe ti ìdí mọ́. Ó sọ ti Kirsti fún un, gbogbo rẹ̀ pátá, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju èyí tó ti sọ nínú gbogbo kọfí tó mu lọ. Lempi gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n jáde, ara òun ti gbóná tó.

Kò sọ bí òun ṣe máa dìbò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n tún ń ṣe pásítì, ó gbé igi ìyíyẹ̀fun sílẹ̀ láàárín ilé ìdáná, gbogbo ọwọ́ sì dúró.

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe máa dìbò," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dì í ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá jókòó tì mí, kó sọ ohun tí n ó sọ fún Helmi ẹ̀gbọ́n mi." Ó wá ròyìn bí Helmi ṣe kú, ní ṣókí. Kí ọkàn wọn má baà bàjẹ́ jù, ó fi ti báàjì àti ìdí Elma kún un.

Kò sẹ́ni tó wá jókòó tì í. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fa Elma sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá àpá náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á wá dẹ ohùn. Èyí ní ìyá òun náà rí ohun tó jọ ọ́. Èyí ní òun gan-an ni. Obìnrin tí kò fẹnu kan oyún rí ń sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó bàtà yìnyín sí. Renata gbọ́ nípa báàjì, ó tọrọ àforíjì lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì béèrè bóyá Elma lè tún un ṣe ní ìlú kejì.

Túsìdeè dé. Elma dìbò láàárọ̀, ó wakọ̀ gbé àwọn àgbà lọ síbi ìdìbò títí oòrùn fi wọ̀. Reino dá lọ ní tirẹ̀, nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó dá padà. Nígbà tí Elma wọlé, Reino ti ń ṣe tíì. Elma bi í léèrè bó ṣe dìbò. Reino ní ṣé kóun fi súgà sí tirẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, rédíò ní bẹ́ẹ̀ ni ló wọlé káàkiri ìpínlẹ̀. Elma fẹ́ pe Kirsti, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ nǹkan kan tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, láti ẹ̀yìnkùlé. Ó yọjú lójú fèrèsé. Reino wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yìnyín, ìṣó mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀. Pákó kejì ti wà nípò. Ó ń kan ibi ìdimú tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kò sì ga, ó wà ní déédéé ibi tí ọwọ́ obìnrin tí inú rẹ̀ ti yọ lè dì mú.

Elma ò jáde lọ bá a. Ó dúró lójú fèrèsé títí kọfí rẹ̀ fi tutù.

Kirsti kó dé nígbà tí yìnyín ń yọ́, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun fẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná nínú sáúnà díẹ̀, kóun má gòkè àga. Ó di igi tuntun náà mú, ó gun àtẹ̀gùn náà láìmira, ó wá dúró, ó yíjú padà.

"Màámi, ta ló tún èyí ṣe?"

"Bàbá ẹ ni," Elma dá a lóhùn. "Bó ṣe dìbò nìyẹn."