Àwáwù Tó Tú Ọ̀dàn Ẹfọ̀n

Àwọn ará Ìlerò tí wọ́n mọ Àwáwù kó tó di pé ó gun katakata, ẹni tó lè ṣiṣẹ́ oko ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Obìnrin gíga ni, tó pupa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá gbé ọkọ́ sọ́wọ́, ó lè kọ ebè títí tí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi lọ jókòó sábẹ́ igi. Waheedat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà nílé ọkọ ní Ìsẹ́yìn. Ilé wá ku òun àti ọkọ rẹ̀, Abíọ́nà.

Abíọ́nà ti fi ìgbà kan wa katakata ní oko ìjọba kan. Nígbà tí oko náà dẹnu kọlẹ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n ta àwọn irinṣẹ́ ibẹ̀, èyí tó dára ni àwọn olówó kọ́kọ́ kó lọ. Ọ̀kan tó kù, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, òun ni Abíọ́nà mú, torí òun ló ti ń wà á láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó, ìjókòó rẹ̀ ti ya, sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì máa ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tí òtútù mú. Oníkọ́ ni àwọn ará àdúgbò sọ ọ́. Irin ìtúlẹ̀ alábẹ mẹ́ta tó ń fà lẹ́yìn kò kéré sí i lọ́jọ́ orí. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, Oníkọ́ yìí ló ń tú oko fún àwọn ará Ìlerò títí dé Ìpàpó.

Ojú ló dá iṣẹ́ náà dúró. Abíọ́nà kọ́kọ́ rò pé eruku ni. Ó ń fi omi tútù bọ́jú, ó ń ra oògùn ojú lọ́jà. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ilé ìwòsàn, dókítà sọ fún un pé èyí tó ti lọ nínú ojú náà kò ní í padà mọ́, àfi kí wọ́n máa ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù. Òkùnkùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé sí i lójú díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó tú ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́ ti ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, tó sì hú ebè iṣu olóko dànù, ó wa Oníkọ́ wálé, ó gbé e sábẹ́ igi igbá tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, kò sì gùn ún mọ́. Adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọkọ́ Àwáwù ló ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí ti gbó. Iṣu tí wọ́n ń wà níbẹ̀ kò ju apá ọmọdé lọ, ẹ̀gẹ́ tí kì í kọ ilẹ̀ gan-an ń ṣe ségesège. Èjìká ọ̀tún Àwáwù náà sì ti ń dùn ún débi pé, bílẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ òsì ló fi ń fa omi nínú kànga.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, Bàbá Fádáhùnsí, àbúrò bàbá Àwáwù, tó jẹ́ olórí ẹbí, pe gbogbo wọn jọ. Ó ní ọkùnrin kan ti òkèèrè wá, ó fẹ́ gba Ọ̀dàn Ẹfọ̀n láti fi gbin kajú. Ọ̀dàn Ẹfọ̀n ni ilẹ̀ ẹbí tó wà lọ́nà odò, tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Àwáwù. Koríko ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, kùkùté àti gbòǹgbò igi òrí kún inú rẹ̀, àwọn tó sì ti fi ọkọ́ dán an wò rí ti padà sílé. Kajú ní tirẹ̀, bó bá ti wọ ilẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ ọmọ ẹni kí ilẹ̀ náà tó tún bọ́ sọ́wọ́ ẹbí.

Àwáwù dìde láàárín àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀. Ó ní ọmọ bíbí inú ẹbí ni òun, òun kò sì tíì tọrọ ilẹ̀ rí. Kí wọ́n fún òun ní Ọ̀dàn Ẹfọ̀n kí òun dáko sí i.

Ìdòwú, ọbàkan rẹ̀ ọkùnrin, rẹ́rìn-ín. Ó bi í léèrè bí ọkọ́ tí yóò kán mọ́ ọn lọ́wọ́ níbẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá Fádáhùnsí kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tètè gbà náà. Ó wo Àwáwù títí.

"A kì í fi ilẹ̀ du ọmọ bíbí inú," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ènìyàn kò lè tú, igbó ni, kì í ṣe oko. Bí àgbàdo ará ìlú bá fi yọ irùkẹ̀rẹ̀ tí o kò tíì gbin nǹkan kan síbẹ̀, oníkajú ni mo máa fún."

Nígbà tí Àwáwù délé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga lẹ́bàá ògiri. Ó jókòó tì í, ó rò ó fún un. Abíọ́nà ní kò sí katakata kan tó máa gbà láti wọ ibẹ̀. Òun mọ àwọn tó ń wà wọ́n, ẹ̀rù kùkùté ń bà wọ́n.

"Oníkọ́ ńkọ́?" ni Àwáwù wí.

"Ta ló máa wà á? Ṣé èmi tí n kò rí ẹsẹ̀ ara mi?"

"Èmi ni n ó wà á, Bàbá Waheedat. Ojú yín ló lọ, etí yín kò lọ. Ẹ máa jókòó tì mí. Ohun tí ẹ bá gbọ́, ẹ sọ. Ohun tí mo bá rí, n ó sọ."

Abíọ́nà nawọ́ wá ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó ń fi ọ̀pá náà wá ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí Àwáwù máa fi dé ibẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti ń lé adìyẹ kúrò lórí Oníkọ́.

Isaac, mẹkáníìkì kan láti Ṣakí tó ti bá Abíọ́nà ṣiṣẹ́ ní oko ìjọba, ló wá tún un ṣe. Ó bá ìtẹ́ eku níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, ó bá epo tó ti di ẹrẹ̀. Ó tú irin sílẹ̀ káàkiri ẹ̀yìnkùlé débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Àwáwù pé kò ní í rántí ibi tó ti yọ wọ́n. Àwọn abẹ irin ìtúlẹ̀ ti dípẹtà. Ó ha wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà jí, ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú jáde, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò sì tú ká. Abíọ́nà gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì tètè gbé e kúrò.

Pápá bọ́ọ̀lù tí kò sẹ́ni tó ń lò mọ́ ni Àwáwù ti kọ́ ọ. Kò rọrùn fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣi kíláàṣì, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí agbára ẹ́ńjìnnì má bàa dé ara táyà, mú fún bíréèkì, Oníkọ́ sì ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Lọ́jọ́ kan tó ń wà á bọ̀ wálé, ó wó ògiri balùwẹ̀ ara wọn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ògiri náà, ó ní òun kò ṣe mọ́. Abíọ́nà ní ògiri lè dúró de ìgbà tí wọ́n bá ráyè, kó gun ọkọ̀ padà. Ó kọ́ ọ láti máa fetí sí ẹ́ńjìnnì: ohùn tó ń ní bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, ohùn tó ń ní bó bá wúwo, àti ohùn kan tó wà lẹ́yìn ìyẹn, tí ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n ti sun koríko Ọ̀dàn Ẹfọ̀n kí òjò tó dé. Nígbà tí òjò ti rọ̀ díẹ̀, tí ilẹ̀ ti dẹ̀, Àwáwù wa Oníkọ́ gba ọ̀nà oko lọ. Abíọ́nà jókòó sórí irin tó bo táyà ẹ̀yìn, ó di ẹ̀yìn ìjókòó ìyàwó rẹ̀ mú. Àwọn ọlọ́kadà ń yà fún wọn. Ìdòwú wà lára àwọn tó tẹ̀ lé wọn láti wòran.

Abẹ irin wọ ilẹ̀, ilẹ̀ sì ṣí. Ó dú bí èédú, ó ń ta sánsán. Lékèélékèé tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn irin. Poro àkọ́kọ́ wọ́ bí ipa ejò, ṣùgbọ́n poro ni.

Kò pẹ́, abẹ irin há sábẹ́ gbòǹgbò kan tó fara pamọ́. Táyà ẹ̀yìn ń yí, ọkọ̀ kò lọ, iwájú Oníkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra kúrò nílẹ̀. Àwáwù rí i pé ojú ọ̀run ni òun ń wò. Àwọn tó ń wòran pariwo. Abíọ́nà kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohùn ẹ́ńjìnnì ti sọ fún un ṣáájú àwọn tó ríran.

"Tẹ kíláàṣì," ni ó wí sí i létí. "Tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀."

Àwáwù fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Iwájú Oníkọ́ já lulẹ̀ débi pé eyín Àwáwù kọlu ara wọn. Bóòtù kan tó di abẹ mú ti já, abẹ náà sì ń mì dirodiro. Abíọ́nà bi í pé kí ló rí. Ó ní òun rí gbòǹgbò tó nípọn tó itan ènìyàn. Abíọ́nà ní ó dáa, wọ́n ti mọ ibi tó wà nìyẹn.

Ìdòwú sún mọ́ wọn. Gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ló fẹ́ sọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ tí irin ti yí padà, ó fọ́ ọ lọ́wọ́, ekòló sì ń yọ nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ ni òun náà, ilẹ̀ tirẹ̀ náà ti gbó. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí. Nígbà tó yá, ó béèrè ẹni tó ní àáké.

Wọ́n pààrọ̀ bóòtù tó já, láti ọjọ́ kejì, Ìdòwú ló sì ń ṣíwájú Oníkọ́. Ó mú ọ̀pá irin gígùn kan lọ́wọ́, ó fi ń gún ilẹ̀. Ibi tí ọ̀pá bá ti kọ̀ láti wọlé, á so àkísà pupa mọ́ igi síbẹ̀. Àwáwù á gbé irin ìtúlẹ̀ sókè, á ré e kọjá, á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Kùkùté tí kò bá ṣeé ré kọjá, Ìdòwú á fi àáké àti ọkọ́ hú u kúrò, òógùn á sì máa ro lára rẹ̀.

Ibi yangí kan wà láàárín ilẹ̀ náà tó le bí irin. Abíọ́nà ní kí wọ́n tú u, Àwáwù kò gbà. Ó ní òun ló ń wo ibẹ̀, ibẹ̀ kì í ṣe ti iṣu, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Àwáwù yí i ká. Ibẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ dòní, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá èlùbọ́ sí.

Lọ́jọ́ tí poro ìkẹyìn kan bèbè odò, Àwáwù pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Sọ ọ́ fún mi," ni Abíọ́nà wí.

Àwáwù dìde dúró lórí Oníkọ́. "Ó dú láti ibi tí a wà yìí títí dé ẹsẹ̀ òkè. Èyí tí a kọ́kọ́ tú wọ́, ẹ má bá mi jiyàn. Àwọn tó kù tọ́ bí okùn tí wọ́n na. Lékèélékèé pọ̀ lórí ẹ̀ bí ìgbà tí òwú bá là. Bàbá Waheedat, kò sí igbó níbẹ̀ mọ́."

Abíọ́nà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Bàbá Fádáhùnsí gun ọ̀kadà wá wò ó nígbà tí ẹ̀gúsí ti hù níbẹ̀. Àgbàdo ará ìlú kò tíì ju orúnkún lọ. Ó rin poro kan dé ìdajì, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín padà. Ó ní kí wọ́n lọ sọ fún gbogbo ẹbí pé Oko Àwáwù ni ibẹ̀ ń jẹ́ láti òní lọ, ẹni tó bá sì pè é ní ọ̀dàn, kó wá ṣàlàyé fún òun.

Ọdún náà, ẹ̀gúsí ṣe, àgbàdo ṣe. Iṣu tí wọ́n gbìn sí ìhà odò tóbi débi pé, nígbà tí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Waheedat ní Ìsẹ́yìn, awakọ̀ ní àfi kó jókòó bí èrò. Àwáwù gé apá kan nínú ilẹ̀ náà fún Ìdòwú, láìjẹ́ pé ó tọrọ rẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e dé, àwọn obìnrin kan ránṣẹ́ láti Ìpàpó pé àwọn ní ilẹ̀ kan tí gbogbo katakata ń kọ̀ láti wọ̀. Àwáwù àti ọkọ rẹ̀ wa Oníkọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà kí Abíọ́nà, wọ́n bi í bóyá òun ló fẹ́ tú ilẹ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyàwó òun tó ni iṣẹ́. Àwáwù ti ń bi àwọn obìnrin náà léèrè ìhà tí wọ́n fẹ́ kí òun ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí i, ó sọ irin kalẹ̀, ó sì wọ jíà.