Irin Abẹ́ Ọkọ̀ Sàúdátù

Kò sí ọjọ́ tí Sàúdátù jí tí ara rẹ̀ kì í ti wúwo kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun ló ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti ṣúgà ní Lagos Town, ní Accra, níbi tí wọ́n bí i sí. Òun náà ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀, Àgbékẹ́, láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá náà ní apá àti ẹsẹ̀ òsì. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Kùmásí. Àdúrà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù.

Gbogbo ọjọ́ Àtàláátà ló máa ń gbé ìyá lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún rìn. Ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú ni wọ́n ń wọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣì le, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ kọ kọ́nà, ńṣe ló máa ń fì bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á di nǹkan mú. Ìyá kò lè ṣe é. Bẹ́líìtì àga ẹ̀yìn mú ìdí rẹ̀, kò mú èjìká. Bí wọ́n bá ti ń yí ráńdábáòtù, á ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì wà níbẹ̀ títí Sàúdátù yóò fi ríbi dúró gbé e dìde.

Ní Àtàláátà kan, Sàúdátù mú ìró rẹ̀ kan, ó fi so àyà ìyá mọ́ àga.

Ìyá wò ó. Ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà àìsàn náà, ṣùgbọ́n èyí jáde ketekete.

"Sàúdá, ṣé ẹrù ni mo dà?"

"Màámi, ẹ má bínú. Kí ẹ má baà ṣubú ni."

"Ẹrù ni wọ́n ń dè."

Sàúdátù ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó bọ́ síwájú. Ó ń wakọ̀ lọ, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nu ún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ọkọ̀ lọ bá Wàsíù ní Kokompe, níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí. Fítà ni Wàsíù, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Accra. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Twi yá lẹ́nu òun ju Yorùbá lọ. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó pe Sàúdátù pé kó bẹ̀rẹ̀ wá wò.

"Anti, ẹ wo irin yìí." Ó fọwọ́ kan ọ̀pá kan tó dábùú lẹ́yìn, tó so ẹsẹ̀ táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì. "Sítábíláísà nìyí. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì. Tiyín ti tín-ín-rín jù. Mo ní èyí tó ki jù ú lọ, irú tí àwọn ọmọ tó ń sáré ní Motorway máa ń wá. Tí mo bá dè é, ọkọ̀ yín ò ní dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́."

"Dè é, jọ̀ọ́."

"Ei, Anti, ẹ dúró ná. Irin tó le ní wàhálà tiẹ̀. Tí táyà kan bá kó sí kòtò, èkejì náà á gbọ́ ọ. Lórí ọ̀dà, ẹ máa gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé yín yẹn… Tí òjò bá sì ń rọ̀, ẹ má fi eré wọ kọ́nà o, ìdí ọkọ̀ lè yọ̀."

Sàúdátù gbọ́, àmọ́ ìró tó fi de ìyá rẹ̀ ló ń rò. "Dè é, Wàsíù. Ó ti rẹ̀ mí."

Nígbà tí Àtàláátà tún dé, kò mú ìró dání. Bí wọ́n ṣe wọ ráńdábáòtù, ó wo ìyá nínú díńgí. Ọkọ̀ yí, kò tẹ̀. Ìyá jókòó gan-an bí wọ́n ṣe gbé e jókòó.

"Ó dúró," ni ìyá wí, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ẹnu tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n kúrò lórí ọ̀dà, wọ́n wọ ọ̀nà ilé, tí wọ́n gbẹ́ nítorí gọ́tà tí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Táyà kan kó sí kòtò, gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ sì fò. Ìyá ké, ó di ìbàdí mú. Títí wọ́n fi délé, igbe náà ni.

Lẹ́yìn tó gbé ìyá wọlé tán, Sàúdátù padà sínú ọkọ̀, ó gbé orí lé sítíárì. Ó fẹ́ sunkún, ẹkún kò wá. Oorun ló wá.

Wàsíù kò bá a wí nígbà tó tún rí i. Ó fi hàn án pé ihò méjì wà létí irin náà; ó tú nọ́ọ̀tì, ó gbé e lọ sí ihò ìparí.

"Èyí á dẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n, Anti, irin ò lè bá yín tún títì ṣe."

Lóòótọ́, ó dẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ kò sì fì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ṣì ń dun ìyá. Nígbà tó yá, Sàúdátù dá ọkọ̀ dúró níbi tí ọ̀dà parí sí.

"Màámi, ṣé a lè fẹsẹ̀ rìn ín?"

Ìyá wo ọ̀nà, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé ìwọ lè rìn ín? Ìwọ ló rẹ̀."

Wọ́n rìn ín. Ìyá gbára lé ọ̀pá, ó gbára lé Sàúdátù, wọ́n ń sinmi lára ògiri onílé. Kí wọ́n tó dé ìdajì, Afua tó ń ta kọ̀mí, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn ará Gà, pẹ̀lú ẹja díndín rí wọn, ó pariwo, ó gbé bẹ́ǹṣì jáde. Láti ìgbà àìsàn náà, kò sí ẹni tó rí Àgbékẹ́ níta. Ará àdúgbò ń jáde wá kí i lédè Twi, lédè Gà, lédè Yorùbá, ìyá sì ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ahọ́n rẹ̀ tó wúwo, kò kánjú.

Sàúdátù jókòó létí bẹ́ǹṣì, ó ní òun fẹ́ mí díẹ̀ ni. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé e lọ. Oníbàárà kan dé, ó ń wá ọlọ́ṣẹ. Afua na ọwọ́ láti jí i.

Ìyá fi ọwọ́ tó dá dí i lọ́nà.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Kó sùn. Èmi wà níbí."