Aago Mọ́tò Láti Kàbúà

Ọlọ́pàá tó dá wa dúró ní àbáwọlé Ṣábẹ ti yẹ iṣu ẹ̀yìn mọ́tò wò, ó ti ní kí a máa lọ. Alájì, oníṣòwò iṣu tó ni mọ́tò náà, ti fọwọ́ sí jíà. Ìgbà náà ni ọlọ́pàá tún ki orí bọ ojú fèrèsé, tó ń wo iwájú awakọ̀, níbi tí àwọn aago wà: aago eré, aago epo, àti èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ó wò ó pẹ́.

"Kámáráàdì," ó ní, bí ìjọba ṣe ní kí a máa pe ara wa nígbà náà, "mọ́tò yìí ti di arúgbó. Níbo ló ti rí ojú tuntun?"

Alájì rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi. "Ẹ bi í. Òun ló pààrọ̀ rẹ̀."

Ó rò pé òun ń yìn mí ni. Ṣùgbọ́n èmi ti gbọ́ lójà láàárọ̀ pé wọ́n jí bàṣé ìjọba kan gbé, akẹ́rù kékeré tí wọ́n ń fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, irú ti Alájì gẹ́lẹ́, àfi pé tuntun ni. Láyé ìjọba ológun yẹn, ẹni tó bá jí ẹrù ẹnìkan, olè ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹrù ìjọba, ọ̀tá ìlú ni, wọ́n sì ń kó irú wọn lọ síbi tó jìnnà, níbi tí ìyàwó ẹni kò ti lè gbé oúnjẹ wá.

"Sọ̀kalẹ̀," ni ọlọ́pàá wí.

Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mo ń ṣe. Àwọn aago Alájì ti kú tipẹ́. Igi ló fi ń wọn epo nínú táńkì, imú ló sì fi ń mọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Lọ́jọ́ kan imú tàn án, omi hó gbẹ, ẹ́ńjìnnì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná pẹ̀lú ẹrù iṣu. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó gbà pé kí n wá aago fún òun.

Mo mọ ibi tó wà. Àgbẹ̀ kan ní Kàbúà ra bàṣé tirẹ̀, kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó lọ fi kọ lu igi, tó sì kú sínú rẹ̀. Mọ́tò náà wà ní àgbàlá wọn. Ṣùgbọ́n láàárín àwa tó ń ṣe mọ́tò ní Ṣábẹ, a kì í ra irin tó ti gba ẹ̀mí bí ẹni ra ata. Owó nìkan kò tó. Àwọn ará ilé òkú ní láti fi ẹnu ara wọn yọ̀ǹda rẹ̀, kí opó bu omi sí i lójú gbogbo ilé, kí ó má baà gba ẹ̀mí mìíràn.

Alájì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé ìyàwó lo ń lọ tọrọ ni, tí o ń di obì?"

"Alájì, ẹ̀yin lẹ máa wà á o, kì í ṣe èmi. Ṣé kí n má di í?"

"Di í, di í! Fi méjì kún un."

Bẹ́ẹ̀ ni opó náà ṣe bu omi sí i, tó ní kí irin náà gbàgbé, kí ó máa bá ẹlòmíràn lọ ní àlàáfíà. Ìgbà náà ni mo tó tú u.

Gbogbo èyí ni mo rò fún ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí wọ́n mú mi débẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Ìwé ni mo béèrè, o ń sọ̀rọ̀ omi fún mi."

Wọ́n ní kí n yọ àwọn aago náà, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì, wọ́n sì tì mí mọ́lé. Alájì kò jókòó. Ó wa mọ́tò rẹ̀ tí iwájú rẹ̀ dá ihò lọ sí Kàbúà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo gbọ́ ariwo: opó náà dé, àgbà ilé wọn dé, ẹ̀yìn mọ́tò kún fún èèyàn.

"Èwo nínú yín ló pe ọkọ mi lólè?"

"Ìyá, a kò dárúkọ ọkọ yín."

"Aago rẹ̀ lẹ tò sórí tábìlì yẹn. Èmi ni mo bu omi sí i. Bí ẹ bá máa ti ẹni yìí mọ́lé, ẹ ti èmi náà. Ẹ ṣáà rí i pé àyè wà o, torí gbogbo ilé ló wà níbẹ̀!"

Ọ̀gá rán ọlọ́pàá kan lọ wo mọ́tò òkú náà. Nígbà tó padà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Adìyẹ kan ló ń sàba nínú ihò tí mo ti yọ aago, ó sì fi ẹnu sọ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tú mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi mí sílẹ̀. Títí wọn ó fi rí bàṣé ìjọba, n kò gbọdọ̀ kúrò ní Ṣábẹ, mo sì ní láti wá fojú hàn ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ẹ̀wù méjì ni mo máa ń wọ̀ lọ, ọ̀kan lórí èkejì, torí ẹni tí wọ́n bá kó lọ kì í padà sílé wá mú aṣọ. Ìyàwó mi mọ̀, òun ló ń fọ méjèèjì sílẹ̀ dè mí.

Kaṣú ti tán lórí igi nígbà tí ọ̀gá pè mí wọlé. Wọ́n ti rí bàṣé náà nínú igbó lẹ́bàá odò Ọ̀pàrà, gbogbo aago rẹ̀ sì wà ní àyè wọn. Ó fọwọ́ ti àwọn aago tèmi sọ́dọ̀ mi.

"Gbé ẹrù rẹ. Má wá mọ́."

"Ọ̀gá, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ṣé oúnjẹ là ń fún ọ níbí ni? Mo ní má wá mọ́!"

Mo kí gbogbo wọn, títí kan ẹni tó mú mi. Alájì ń dúró níta.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n má wá mọ́."

"Kí lo wá ń dúró ṣe lẹ́nu ọ̀nà wọn? Wọ mọ́tò!"

N kò wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo gbé aago lé itan. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ ń kí mi, mo sì ń dá wọn lóhùn sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan.