Ìkìlọ̀ Tí A Pa Lẹ́nu Mọ́

Òórùn epo bẹntiróòlù àti ẹ̀wà tó fẹ́ máa jóná ni mo fi ń rántí yàrá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbé ibẹ̀, a wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Ìyá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òròmọdìẹ àkọ́kọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, gbogbo ọkàn wọn ló sì wà lára ohun ọ̀sìn náà. Àwa ni wọ́n ní ká ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa tan gílóòbù tó ń mú wọn móoru, tí yóò sì pa á bí ooru bá pọ̀ jù.

Rust la fi kọ ètò rẹ̀. Èdè kọ̀ǹpútà yẹn máa ń yọ èèyàn lẹ́nu: bí o bá fún nǹkan lórúkọ tí o kò lò ó, á kọ ìkìlọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń kùn sí ọ létí. A ní kí agogo ẹ̀rọ náà dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí omi táwọn òròmọdìẹ ń mu bá tán. A kò lo nọ́ńbà tó ń ka iye ìgbà tó dún, ó kùn. Aago àti ìwọ̀n ooru la ń gbé lé apá ètò tó ń bójú tó gílóòbù lọ́wọ́. Kò nílò aago, ó tún kùn. Kò sì ní ká ju nǹkan náà nù o. Ìlà kékeré kan tó ń sùn sísàlẹ̀ ni wàá fi síwájú orúkọ rẹ̀, kó lè mọ̀ pé o rí i, o kàn kò fẹ́ lò ó ni. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń jẹun bá ní "Ẹ wá jẹun," tí o dáhùn pé "Á gba ibi ire o," tí o sì bá tìrẹ lọ.

Àmọ́ sùúrù ọ̀rẹ́ mi kò kún ṣíbí. Nígbà tí ìkìlọ̀ gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Jàre, fi ìlà yẹn sí gbogbo wọn ká lọ."

Mo ní ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wàhálà tìẹ náà ti pọ̀ jù. Mọ́mì ń dúró."

Ó fi í sí gbogbo wọn. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní, ó gbé ẹ̀rọ lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ pè. A kò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi ké: "Ẹ̀rọ yín ò pa iná o! Àwọn ọmọ adìẹ ń mí hẹlẹ, wọ́n na apá sílẹ̀!"

"Mọ́mì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná!" ni ọ̀rẹ́ mi ké.

"Mo ti yọ ọ́. Díẹ̀ ti kú."

Ohùn wọn ti yí padà. Ó dùn mí wọra. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a ṣí ètò náà, a rí i pé ìwọ̀n ooru wà lára àwọn tí ọ̀rẹ́ mi fi ìlà sí. A ń gbé ìwọ̀n ooru lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a gbàgbé láti kọ ibi tí yóò ti lò ó, gílóòbù sì kàn ń tàn lọ. A tún un ṣe kíá, ọ̀rẹ́ mi lọ fi í sínú ẹ̀rọ náà ní Ọ̀yọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òròmọdìẹ náà sì yè.

Mo ṣì ń fi ìlà yẹn sí nǹkan níbi iṣẹ́ mi lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò wúlò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ bí mo bá ṣì í mú. Àwọn òròmọdìẹ yẹn kò lè pè wá láti Ọ̀yọ́. Ìkìlọ̀ yẹn nìkan ni ẹnu tí wọ́n ní, a sì pa á dé.