Sìmẹ́ǹtì Ilé Ìgbẹ̀bí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbà pé kò sí olè lọ́fíìsì láyé òyìnbó, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú rí. Òmìnira ku bí ọdún mẹ́rin nígbà náà. Mo jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan l'Ógbómọ̀ṣọ́, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa.

Ọ̀gá wa, ẹni tí owó ìlú wà níkàáwọ́ rẹ̀, a máa wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán kí á lè mọ̀ pé ó tó ẹni. Ìjọba kó sìmẹ́ǹtì wá láti fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí lẹ́bàá Ọjà Igbó. Kàkà kí ilé ìgbẹ̀bí máa ga, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀gá ń kọ́ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nílùú Ọ̀yọ́, ló ń ga. Nígbà tí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò dé, ìdajì sìmẹ́ǹtì kò sí nílẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ní Làmídì tó ń ṣọ́ ilé ẹrù ló jí i. Wọ́n ní kí n tẹ ìwé tí wọn ó fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, Làmídì wá bá mi nílé. Kò pariwo.

"Akọ̀wé, ṣebí ẹ̀yin náà mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé tí lọ́rì fi kó sìmẹ́ǹtì lọ?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ni. Ẹ̀dà ìwé náà wà nínú fáìlì mi.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ jókòó sílẹ̀ lójúde ọ́fíìsì, a ní a ò wọlé àfi bí wọ́n bá dá Làmídì padà. Ọ̀gá jáde sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ń yan ẹ̀pà, ṣé kò ní tọ́ ọ wò ni?"

Làmídì dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀pà ta ni?"

Ẹ̀rín wa dé òdìkejì títì. Ọ̀gá wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kẹta, aṣojú ìjọba dé láti Ìbàdàn. Mo fi ẹ̀dà ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó kà á tán, ó ní òfin ìnáwó ìjọba kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni, ó wojú! Wọ́n dá Làmídì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ńkọ́? Kò fojú kan ilé ẹjọ́. Wọ́n ní kí ó máa san owó sìmẹ́ǹtì náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ kí ó lọ máa ṣọ́ owó ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe fìyà jẹ olè nìyẹn: wọ́n gbé iṣẹ́ súnmọ́ ilé rẹ̀.

A rí nǹkan gbà o. Láti ìgbà náà, wọn kì í lé òṣìṣẹ́ kankan láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ilé ìgbẹ̀bí kò kọjá ojú fèrèsé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aboyún fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń rìn jìnnà lọ bímọ. Ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè yẹn gbó, ó tọ́, ó kú pẹ̀lú oyè. Wọ́n ránṣẹ́ ìnáwó ìsìnkú rẹ̀ sí mi. Mi ò lọ.