Kọ́kọ́rọ́ Ilé Àdúrà

Oyè Bàbá Ìjọ ni ojú mi ń wò. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Odogbolu ni mo ti rán agbádá funfun sílẹ̀ dè é. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde jókòó, ẹlòmíràn ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Èmi, wọ́n ní kí n wá jẹ Bàbá Àdúrà, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Inú mi ò dùn, n ò ní purọ́. Mo gbà á torí pé Bàbá Àdúrà náà máa ń jókòó ní ìlà iwájú.

Ilé àdúrà wa kò ju yàrá kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi èèyàn joyè yìí, wọn á so kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ mọ́ aṣọ funfun, wọn á gbé e lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ìjọ. Àlùfáà bi mí bóyá màá sìn. Mo ní màá sìn, kí Olúwa ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yà mí ní fọ́tò, wọ́n gbé e sórí Wásáàpù ìjọ. Èmi rò pé àmì lásán ni kọ́kọ́rọ́ yẹn. Nígbà tí mo délé, mo gbé e kọ́ ìṣó ní pálọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún ààbọ̀, ẹnì kan ń kan géètì mi. Aránṣọ kan ni, ọmọ Ayépé, ọmọ ìjọ wa, tó ń gbé ní àdúgbò ẹ̀yìn wa. Ó ní kí n jọ̀wọ́ wá ṣí ilé àdúrà fún òun.

"Ìyá, Ọjọ́rú ni àdúrà ẹgbẹ́," mo sọ fún un. "Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bàbá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá mi ṣí i."

Gbogbo ìjọ ló mọ ohun tó ń bá a jà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu ọkọ ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ lọ, kò padà. Ohun tí obìnrin yìí ń tọrọ kò pọ̀: kí ọkọ òun pe òun ní "ìyàwó mi" lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ṣe máa ń pè é láti ẹnu géètì tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo bi í pé ṣé Ọlọ́run ò sí nílé wọn ni. Ó ní Ọlọ́run wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ òun náà wà níbẹ̀, òun ò sì fẹ́ kó máa gbọ́ ẹkún òun.

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i pé kó máa mú un lọ. Kò gbà á.

"Ẹ̀yin ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́," ló wí. "Èmi kọ́ ni mo ní màá sìn."

Ó bí mi nínú, mo sì tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ojoojúmọ́, àfi ọjọ́ Ìsinmi. Màá ṣílẹ̀kùn, màá jókòó sẹ́yìn, màá máa tòògbé. Òun á kúnlẹ̀ síwájú, á máa bá Ọlọ́run sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Mo mọ irú wọn. Ní ọ́fíìsì wa nígbà náà, ẹni tó bá ń wá lójoojúmọ́ báyìí, a máa ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ kó lè kúrò lójú wa ni. Tó bá dákẹ́, màá ṣe àmín, màá tìlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Bàbá Àdúrà, wọ́n ń pè yín níbi iṣẹ́ o," ni ìyàwó mi wí, ó sì yí ẹ̀yìn sí mi. Nígbà tí mo jáde ní nǹkan bí aago méje, obìnrin yẹn ṣì wà lẹ́nu géètì, omi ń kán lára gèlè ẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, tẹrú ni mo fi ń jẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àlùfáà wàásù nípa opó tí kò jẹ́ kí adájọ́ sinmi, ìyàwó mi sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó lé díẹ̀ lọ́dún kan tá a ti wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí ọkọ obìnrin yẹn kú, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan. Kò pè é kó tó lọ. Èmi ni mo gbàdúrà létí sàréè. Mo ní Ọlọ́run ló mọ ohun tó dáa jù. Obìnrin yẹn ń wò mí, mo sì tètè ṣe àmín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sẹ́ni tó kan géètì mi mọ́. Mo ní ìsinmi dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago márùn-ún ààbọ̀, ojú mi á là fúnra ẹ̀, màá máa tẹ́tí sí géètì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo lọ ṣílẹ̀kùn, mo sì kúnlẹ̀ síbi tí obìnrin yẹn máa ń kúnlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ní gbogbo ìgbà yẹn, èmi fúnra mi ò gbàdúrà fún ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan. Àmín tí mò ń ṣe, oorun ló wà nínú ẹ̀. Ojú tì mí.

Mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo gba ilé obìnrin yẹn lọ, mo kan géètì.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Mo ti ṣílẹ̀kùn."

"Kí ni mo tún fẹ́ tọrọ, Bàbá?"

"N ò mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, mo tún kan géètì.